Ọjọ́ Wo Ló Máa Parí? Ẹ̀kọ́ Lórí Òótọ́ Sísọ fún Oníbàárà Nídìí Iṣẹ́ Software

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ẹni tó ń kọ website tàbí app fún ẹlòmíì gba owó, àti fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ring Road n'Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣe tèmi. Láti Challenge títí dé apá Palms Mall, ilé oògùn, ilé ẹ̀kọ́, ilé oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù oríṣiríṣi ló kún ẹ̀gbẹ́ títì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n ló ń fẹ́ software báyìí. Bí wọ́n bá pe èèyàn wá, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í: èló ni? Ọjọ́ wo ló máa parí?

Ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ lè jọ nájà lé e lórí. Inú ìkejì ni irọ́ máa ń gbà wọlé. Irọ́ náà kì í sì í dà bí irọ́ lẹ́nu ẹni tó ń pa á. Ó máa ń dà bí ìgboyà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká mú kúrò níbí lónìí: oníbàárà kò lè ní dandan kí ẹ mọ ọ̀la, àmọ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ mọ̀, ohun tí ẹ kò tíì mọ̀, àti bí ẹ ṣe dé orí ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Sáyẹ́ǹsì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òfin wà níbẹ̀, ẹjọ́ ńlá sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ojú kì í rí

Ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé fún bíríkìlà lè lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé. Bóyá wọ́n ṣì wà ní ìpìlẹ̀ ni o, bóyá wọ́n ti dé líńtẹ́ẹ̀lì ni o, ojú rẹ̀ yóò tó o. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Cocoa House ní Dugbe, kó tó di pé ó parí ní 1965, ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè gbójú sókè ka iye àjà tó ti gòkè nínú 26 tí ilé náà ní. Kò sí agbaṣẹ́ṣe tó lè sọ fún ará Ìbàdàn pé àjà 20 ti dúró nígbà tí 8 péré wà níbẹ̀.

Télọ̀ náà mọ̀ pé ojú oníbàárà ń rí aṣọ, ìdí nìyẹn tí irọ́ tirẹ̀ kì í fi í ju "ó ku bọ́tìnì" lọ. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ́ ẹ bá aṣọ lórí tábìlì tí kò tíì gé e, ọ̀rọ̀ ti tán.

Software kò rí bẹ́ẹ̀. Fred Brooks, ará Amẹ́ríkà tó ṣáájú iṣẹ́ OS/360 ní IBM láàárín àwọn ọdún 1960, kọ àròkọ kan ní 1986 nípa ohun tó mú kí software ṣòro ju àwọn iṣẹ́ míì lọ. Ó ka ohun mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé software kò ṣe é fojú rí. A lè ya àwòrán ilé sórí bébà, kí onílé wò ó kó sì mọ ibi tí yàrá wà. Kò sí àwòrán kan tó lè gbé gbogbo ohun tó wà nínú software jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ojú ewé tó rẹwà lè wà lórí fóònù, kó má sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Sanwó" sí lè jẹ́ àwòrán lásán. Lójú ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín, app tó ku ọjọ́ méjì kó parí àti èyí tó ku oṣù méjì lè jọra bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló fi ń ríran. Bí ẹ bá wá bu irọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ti fọ́ ọ lójú nìyẹn, ẹ sì tún ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara wa la máa ń kọ́kọ́ tàn

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dá ọjọ́ tí kò ṣẹ ló jẹ́ òpùrọ́. Ọpọlọ èèyàn ní àléébù kan tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò dáadáa. Daniel Kahneman àti Amos Tversky ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ ní 1979. Àléébù náà ni pé bí a bá ń fojú dá iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà, bí a ṣe fẹ́ kó lọ la máa ń rò, a kì í wẹ̀yìn wo bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe lọ rí.

Ní 1994, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fi ń gboyè. Wọ́n ní kí kálukú sọ ọjọ́ tó rò pé òun máa parí. Tí a bá dá gbogbo ìdáhùn wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ọjọ́ 33.9 ni wọ́n fojú dá. Ọjọ́ 55.5 ló gbà wọ́n. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn péré ló parí lọ́jọ́ tó dá tàbí kó tó pé.

Apá tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Wọ́n tún bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé, "Bí gbogbo nǹkan bá wá dojú rú pátápátá ńkọ́, ọjọ́ mélòó?" Ọjọ́ 48.6 ni wọ́n dáhùn. Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe ro ibi tó burú jù lọ tó, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ṣì kọjá rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ code náà ní ọ̀rọ̀ àwàdà kan tí wọ́n kà sí Tom Cargill ti Bell Labs lọ́rùn. Tí a bá sọ ọ́ ní èdè tiwa: ìdá 90 àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ máa ń gba ìdá 90 nínú àkókò, ìdá 10 tó kù á tún wá gba ìdá 90 mìíràn. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ óò rí i pé 180 ló dé. Ìyẹn ni pé "ó ku bọ́tìnì" ti télọ̀ wà nídìí kọ̀ǹpútà náà. Login ti ń ṣiṣẹ́, ojú ewé ti dúró, oníbàárà ti rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó wá ku kí ẹ so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba owó, kí ẹ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ mọ ohun tó máa ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójijì nígbà tí ẹnì kan ń sanwó lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni oṣù ti ń lọ.

Tó bá rí báyìí, níbo wá ni irọ́ wà? Kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti dáhùn ìbéèrè yìí.

Ẹjọ́ Sky àti EDS

Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BSkyB ń wá ẹni tó máa bá a ṣe software tuntun fún àwọn ibi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń dáhùn ìpè oníbàárà ní Scotland. Ilé iṣẹ́ EDS wà lára àwọn tó du iṣẹ́ náà, òun náà ló sì já mọ́ lọ́wọ́. Iye iṣẹ́ náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 48 pọ́n-ùn. EDS ní láàárín oṣù 9, software náà á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Sky gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀. Ọdún 2006 ló tó parí, owó tó sì ti wọ̀ ọ́ nígbà yẹn ti lé ní mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn. Sky gbé EDS lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní 2010, Onídàájọ́ Ramsey ka ìdájọ́ rẹ̀.

Ẹ fetí sí ibi tí ẹ̀kọ́ wà. Kì í ṣe pé onídàájọ́ ní, "Ẹ sọ oṣù 9, kò parí ní oṣù 9, torí náà òpùrọ́ ni yín." Ohun tó dá wọn lẹ́bi fún ni pé wọ́n jẹ́ kí Sky gbà gbọ́ pé wọ́n ti jókòó ṣe ìṣirò tó péye lórí àkókò tí iṣẹ́ náà máa gbà, àti pé orí ìṣirò yẹn ni oṣù 9 ti jáde. Wọn ò ṣe ìṣirò kankan tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Sky sì mọ̀ pé àwọn ò ṣe é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àṣìṣe, tó di jìbìtì lójú òfin.

Ìyàtọ̀ yìí gbówó lérí. Nínú àdéhùn tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ pé gbèsè EDS kò ní ju mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lọ bí nǹkan bá bàjẹ́. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í bo jìbìtì mọ́lẹ̀. HP, tó ti ra EDS ní 2008, ló san án: mílíọ̀nù 318 pọ́n-ùn ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹfà 2010.

Nǹkan apanilẹ́rìn-ín kan wà nínú ẹjọ́ náà. Joe Galloway, ọ̀gá ní EDS tó jẹ́ òpó nínú bí wọ́n ṣe du iṣẹ́ náà, búra ní kóòtù pé òun kàwé gboyè MBA ní Concordia College ní US Virgin Islands. Mark Howard, agbẹjọ́rò Sky, bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gba oyè kan náà láti ọwọ́ Concordia kan náà fún ajá kan tó ń jẹ́ Lulu. Máàkì Lulu tún ju ti ọ̀gá náà lọ! Onídàájọ́ ní pẹ̀lú irọ́ yẹn, òun ò lè fọkàn tán ẹ̀rí ọkùnrin náà mọ́. Ẹ̀yin tó ń fi iṣẹ́ ẹlòmíì sínú àwòrán iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ẹ gbọ́ o. Irọ́ kékeré lórí ohun tí ẹ ti ṣe rí máa ń ba òótọ́ ńlá tí ẹ bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń dá ọjọ́ láì parọ́

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe é wò. Ká ní ilé oògùn kan ní Ring Road fẹ́ app tí á máa ka ọjà tó wà nílẹ̀, tí á máa kọ ohun tí wọ́n tà, tí á sì máa gba owó. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀: bó bá lọ dáadáa, bó bá lọ bó ṣe sábà máa ń lọ, àti bó bá burú.

Ìwé ọjà: 3, 5, 13.
Títà: 5, 10, 27.
Gbígba owó: 2, 6, 22.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti àwọn agbaṣẹ́ṣe wọn ló gbé ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní PERT jáde ní nǹkan bí ọdún 1958, nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun ìjà Polaris. Ẹ mú nọ́ńbà àárín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kí ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Fún ìwé ọjà: 3, 20 àti 13 jẹ́ 36. Tí a bá pín in sí mẹ́fà, ọjọ́ 6. Bẹ́ẹ̀ náà ni títà á jẹ́ 12, gbígba owó á jẹ́ 8. Àpapọ̀ wọn ni ọjọ́ 26. Ẹ rántí pé ẹni tó kàn mú nọ́ńbà àárín nìkan á sọ 21.

Àmọ́ a ti gbọ́ ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kánádà, a mọ̀ pé "bó bá burú" tiwa pàápàá kò burú tó. Torí náà ìgbésẹ̀ kejì ni kí ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn. Ká ní ẹ fojú dá ọjọ́ 10, 20 àti 30, tó wá gbà yín ní 16, 31 àti 49. Àpapọ̀ ohun tí ẹ dá jẹ́ 60, àpapọ̀ ohun tó gbà yín jẹ́ 96. Ẹ pín 96 sí 60, ẹ óò rí 1.6. Nọ́ńbà yín nìyẹn. Ẹ fi sọ 26 di púpọ̀: ọjọ́ iṣẹ́ 42 ó dín díẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti díẹ̀.

Kí lẹ máa wá sọ fún oníbàárà? Ẹ lè sọ báyìí:

"Mà, mo ti pín iṣẹ́ yín sí mẹ́ta. Bí ohun gbogbo bá lọ geere, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Àmọ́ mo wo àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Èyí tó lè pẹ́ jù ni ti gbígba owó, torí ilé iṣẹ́ míì ló máa fọwọ́ sí i. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, màá gbé apá àkọ́kọ́ wá, kí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ wò."

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá wá di mẹ́wàá, ẹ kò parọ́. Ìyá yẹn ti mọ bí ẹ ṣe dé orí mẹ́jọ, ó sì mọ ibi tí ewu wà kó tó sanwó.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Bí mo bá sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹlòmíì á sọ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún un." Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà kò tàn wá nígbà tí wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ilé iṣẹ́ kan pè mí, mo ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹni tó wọlé lẹ́yìn mi sọ méjì, òun ni wọ́n gbà. Mi ò ní sọ fún yín pé wọ́n padà wá bẹ̀ mí o. Wọn ò padà wá.

Ẹni tó bá ní òótọ́ sísọ kì í ná èèyàn ní nǹkan kan, òun gan-an ló ń parọ́. Àmọ́ ohun méjì wà tó lè dín àdánù náà kù.

Àkọ́kọ́, ẹ fún oníbàárà ní ìbéèrè kan tó máa bi gbogbo ẹni tó bá wá du iṣẹ́ náà, ẹ̀yin náà pẹ̀lú: "Báwo lẹ ṣe dé orí ọjọ́ tí ẹ dá?" Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn fún un ní ojú tó máa fi ríran.

Èkejì, dípò kí ẹ gé ọjọ́, ẹ gé iṣẹ́. Ẹ padà síbi ìṣirò wa. Ìwé ọjà jẹ́ ọjọ́ 6. Tí ẹ bá fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 9.6, ká pè é ní 10. Ọjọ́ iṣẹ́ 10, ọ̀sẹ̀ méjì gééré! Torí náà ẹ lè sọ pé, "Mà, bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́, ohun tí mo lè gbé fún yín nígbà yẹn ni ìwé ọjà. Ẹ san owó ìyẹn nìkan. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ká tẹ̀ síwájú." Ọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ òótọ́ rèé, ó sì lè bá ọ̀sẹ̀ méjì tó jẹ́ irọ́ du iṣẹ́.

Ìdí yìí náà wà lára ohun tó mú kí àwọn 17 kan tó mọ iṣẹ́ software dáadáa jókòó pọ̀ ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní 2001. Wọ́n fẹnu kò pé ohun tó yẹ ká fi máa wọn ibi tí iṣẹ́ dé ni software tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sọ fún oníbàárà pé ó ti dé ìdá 80. Ẹ gbé ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un, kó tẹ̀ ẹ́.

Bí iṣẹ́ bá sì ti ń pẹ́, ẹ má fi "màá pe àwọn ọmọkùnrin méjì kan sí i" tù ú nínú. Brooks yìí kan náà ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month, ní 1975 pé fífi èèyàn kún iṣẹ́ software tó ti pẹ́ máa ń jẹ́ kó túbọ̀ pẹ́ ni. Ẹ wò ó: bí èèyàn bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà tí wọ́n ní láti bára wọn sọ̀rọ̀ ní méjìméjì jẹ́ 3. Bí wọ́n bá di mẹ́fà, ọ̀nà náà á di 15. Ẹni tuntun kò mọ ibi tí nǹkan wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ ọ.

Nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́

Ibi yìí ni òótọ́ ti máa ń korò jù. Àpẹẹrẹ wà nílé, ó wà lókè òkun.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2025, JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.95 tó ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba 200 nínú 400. Ariwo sọ káàkiri. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá JAMB jáde sí àwọn akọ̀ròyìn ní Àbújá, ó ní àṣìṣe ti wáyé, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún ní gbangba. Ilé ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, 65 ní apá Èkó, 92 ní apá ìlà oòrùn gúúsù. Àwọn ọmọ tó kàn jẹ́ 379,997.

Kí ló fà á? JAMB yí bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú mọ́ra wọn padà lọ́dún yẹn, àti bí wọ́n ṣe ń ṣàyẹ̀wò ìdáhùn. Ó yẹ kí code tuntun náà dé orí gbogbo server. Ilé iṣẹ́ àgbàṣe tó ń bójú tó apá Èkó àti ìlà oòrùn gúúsù kò ṣe àtúnṣe náà sórí àwọn server kan, kò sì sẹ́ni tó rí i kí èsì tó jáde. Ẹ rántí ohun tí a sọ lókè: lójú ọmọ tó jókòó ṣèdánwò, server tó ní code tuntun àti èyí tó ní ti àtijọ́ jọra bí ìbejì. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe fún àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ 16. Láti ọjọ́ tí èsì jáde títí di ọjọ́ tí òótọ́ jáde, ọjọ́ márùn-ún ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ranjú mọ́ irọ́ ni, ọdún kan gbáko ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ì bá fi ṣòfò.

Ẹ wá fi wé ti Horizon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Software tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní nǹkan bí 1999 ni, Fujitsu ló sì ń bójú tó o. Software náà máa ń fi hàn pé owó dín nígbà tí owó ò dín. Àwọn alábòójútó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn bí olè jíjà, wọ́n lé ní 900. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, àwọn kan fi owó ara wọn dí gbèsè tí kò sí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ fún ayé ni pé kò sí nǹkan tó ṣe software náà. Ìgbà tí kóòtù ṣèdájọ́ ní oṣù Kejìlá 2019 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní oṣù Kìíní 2024, Paul Patterson, ọ̀gá Fujitsu ní Yúróòpù, tọrọ àforíjì níwájú àwọn aṣòfin, ó sì gbà pé àléébù ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àmọ́ ogún ọdún yẹn, ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Ní Nàìjíríà báyìí, òfin ti dá sí apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó ń dáàbò bo dátà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023, sọ pé bí dátà àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá ẹlòmíì tọ́jú rẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Ẹni tó ni dátà náà níkàáwọ́ wá ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ ìjọba létí, bí ewu bá lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe, bí ẹ bá fi bò, ẹ ti jẹ oníbàárà yín ní wákàtí tí òfin fún un nìyẹn.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ sọ ohun mẹ́rin ní ọjọ́ náà gan-an: ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó kàn, ohun tí ẹ ti ṣe sí i, àti ohun tí ẹ kò tíì mọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí àlàyé tó dùn lẹ́tí.

Àwọn nǹkan míì tí ojú oníbàárà kì í rí

Domain name: ẹ fi orúkọ àti email oníbàárà gbà á, ẹ má fi tiyín. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò mọ̀ pé àwọn kọ́ ló ni orúkọ website àwọn, àfi ọjọ́ tí ìjà bá dé.

Theme tí ẹ rà àti code tí AI bá yín kọ: kò sí èèwọ̀ nínú kí ẹ lò ó. Èèwọ̀ ni kí ẹ lò ó, kí ẹ wá gba owó bí ẹni tó fọwọ́ hun gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò ṣe rí: ẹ sọ ọ́. "Mi ò tíì so app mọ́ ẹ̀rọ POS rí, ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó ná kí n tó dá iye." Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni ìṣirò tí EDS sọ pé òun ṣe.

Iṣẹ́ àmúrelé

Ẹ wá ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ ṣí spreadsheet. Ẹ fa ìlà mẹ́ta: iṣẹ́, ọjọ́ tí mo fojú dá, ọjọ́ tó gbà mí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè, kí ẹ wá nọ́ńbà tiyín. Bó bá jẹ́ 1.2, ẹ kú iṣẹ́. Bó bá jẹ́ 3, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú, nọ́ńbà tiyín nìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ gbé dé iwájú ẹni tó bá tún bi yín pé ọjọ́ wo ló máa parí.

Ó dìgbà kan ná.